Bí ẹ ṣe lè tọpasẹ̀ àyípadà òfin Facebook, X, YouTube àti TikTok, kí ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ yín

"Wọ́n ti yí òfin wọn padà." Gbólóhùn yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó ń ṣe skit, àwọn tó ń ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lórí Facebook, àtàwọn akọ̀ròyìn pàápàá, bí ìkànnì kan bá ti yọ iṣẹ́ wọn kúrò. Ẹ wá bi wọ́n pé: òfin wo? Kí ló sọ tẹ́lẹ̀, kí ló ń sọ báyìí? Ọjọ́ wo ló yí? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń pin sí. Screenshot tí kò ní ọjọ́ lára ni wọn yóò nà sí yín, tàbí àtẹ̀ránṣẹ́ WhatsApp tí kò sẹ́ni tó mọ orísun rẹ̀. Ẹ ṣáà ti rí èyí tó ń sọ pé kí a lẹ "Mi ò fún Facebook láṣẹ láti lo àwòrán mi" mọ́ ojú ògiri wa. Ó ń kú, ó ń jí, kò sì sí ojú-ewé òfin kankan tó tì í lẹ́yìn.

Ohun tí ẹ ó lè ṣe tí ẹ bá tẹ̀lé ìtọ́sọ́nà yìí ni kí ẹ lè sọ pé: "Gbólóhùn báyìí wà lójú-ewé òfin náà lọ́jọ́ báyìí, kò sí níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ báyìí, ẹ̀dà méjèèjì nìyí." Ìyẹn tó fún akọ̀ròyìn, ó tó fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá, ó sì tó fún ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ohun tí ẹ ó nílò

Kọ̀ǹpútà ló dára jù. Fóònù lè gbé gbogbo rẹ̀, àmọ́ fífi ẹ̀dà méjì wéra lójú fóònù yóò sú yín kíákíá. Ẹ ní àkáǹtì Google fún Sheets àti Docs, kí ẹ sì ṣí àkáǹtì ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ Internet Archive, àwọn tó ni Wayback Machine ní web.archive.org, ilé ìpamọ́ tó ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ àwọn ojú-ewé íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ dá fódà kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Dátà kì í jẹ púpọ̀, torí ọ̀rọ̀ lásán ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ó máa ṣí.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ṣí tábìlì kan ní Sheets. Ẹ fún un ní òpó fún orúkọ ìkànnì, orúkọ òfin, àdírẹ́sì, gbólóhùn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, gbólóhùn bó ṣe wà báyìí, ọjọ́ ìkéde, ọjọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjọ́ tí a fojú rí i, líǹkì ẹ̀dà ti àtijọ́, líǹkì ẹ̀dà tuntun, àti ohun tí iléeṣẹ́ náà sọ. Òpó ọjọ́ mẹ́ta yẹn kì í ṣe àṣejù. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹfà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú òfin kan ṣoṣo

Ẹni tó ní òun fẹ́ tọpasẹ̀ "òfin Facebook" lápapọ̀ kò ní í parí rẹ̀. Ẹ mú ìbéèrè kan. Kí ni Facebook sọ nípa bíbú ẹlẹ́sìn mìíràn? Kí ni TikTok sọ nípa ọmọdé tó ń ṣe láìfì? Kí ni YouTube sọ nípa irọ́ lórí ìbò?

Lẹ́yìn náà, ẹ mọ irú ìwé tí ìdáhùn wà nínú rẹ̀, nítorí ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní bíi mẹ́rin. Àdéhùn ìlò wà, èyí tí ẹ gbà láìkà nígbà tí ẹ ṣí àkáǹtì. Ìlànà àwùjọ wà, òun ló ń sọ ohun tí wọn yóò yọ kúrò: Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram, ń pè é ní Community Standards, YouTube àti TikTok ń pè é ní Community Guidelines, X ń pè é ní X Rules. Òfin ìpolówó dá dúró ní tirẹ̀. Òfin owó náà dá dúró, ìyẹn èyí tó ń sọ ẹni tí wọn yóò sanwó fún àti irú fídíò tí owó lè wọlé lórí rẹ̀.

Ibí ni àwọn oní-fídíò ti ń ṣìnà jù. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2025, YouTube yí orúkọ apá kan nínú òfin owó wọn padà, láti "repetitious content" sí "inauthentic content". Kó tó di ọjọ́ náà ni ariwo ti gba ìgboro pé YouTube fẹ́ palẹ̀ gbogbo fídíò tí wọ́n fi AI ṣe mọ́. Iléeṣẹ́ náà ní àtúnṣe kékeré ni, pé fídíò tí wọ́n kàn ń rọ jáde lọ́pọ̀ yanturu láìsí ohun tuntun nínú rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó láti ọjọ́ pípẹ́. Òfin owó ni wọ́n fọwọ́ kàn. Ẹni tó lọ ń wá àyípadà yìí nínú ìlànà àwùjọ kò lè rí i, yóò sì rò pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Àyẹ̀wò: Ẹ kọ ìbéèrè yín sí orí tábìlì ní gbólóhùn kan, kí ẹ sì kọ orúkọ ojú-ewé kan ṣoṣo sí abẹ́ rẹ̀. Bí orúkọ ojú-ewé bá di méjì, ìbéèrè méjì ni ẹ ní. Ẹ pín in.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá àdírẹ́sì òfin náà, ti òní àti ti àná

Ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń fò jù nìyí, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù.

Ojú-ewé òfin máa ń kó lọ kó bọ̀. Òfin Facebook ti wà ní facebook.com/communitystandards rí, ó kó lọ sí transparency.fb.com, ó tún kó lọ sí transparency.meta.com. Ti Twitter kúrò ní support.twitter.com bọ́ sí help.twitter.com, ìkànnì náà di X ní oṣù Keje ọdún 2023, nígbà tó sì yá, help.x.com ló kù. Orúkọ òfin fúnra rẹ̀ náà máa ń yí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2025, Meta yí orúkọ òfin ọ̀rọ̀ ìkórìíra wọn láti Hate Speech sí Hateful Conduct, ìparí àdírẹ́sì rẹ̀ sì yí láti hate-speech sí hateful-conduct.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn máa fà. Bí ẹ bá ju àdírẹ́sì tuntun nìkan sínú Wayback Machine, ìtàn tí ẹ ó rí yóò bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìíní ọdún 2025. Ẹni tí kò bá fura yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbà yẹn ni Meta ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ ìkórìíra, nígbà tó jẹ́ pé láti oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni Facebook ti gbé kúlẹ̀kúlẹ̀ òfin tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn fi ń ṣèdájọ́ síta fún aráyé.

Ọ̀nà tó yá jù láti rí àdírẹ́sì àtijọ́ ni ìròyìn àtijọ́. Ẹ wá ìròyìn tó sọ̀rọ̀ nípa òfin náà ní ọdún 2019 tàbí 2021, ẹ wo líǹkì tí akọ̀ròyìn fi sínú rẹ̀. Ẹ má tẹ líǹkì náà o. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò gbé yín lọ sí àdírẹ́sì tuntun, ti àtijọ́ yóò sì sá mọ́ yín lójú. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì, ẹ mú "Copy link address", kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú Wayback Machine.

Àyẹ̀wò: Fún àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ ẹ̀dà àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn tó wà nílé ìpamọ́. Ìkẹyìn ti àtijọ́ àti àkọ́kọ́ ti tuntun gbọ́dọ̀ sún mọ́ra. Bí àlàfo oṣù mélòó kan bá wà láàárín wọn, ó ṣeé ṣe kí àdírẹ́sì mìíràn wà níbẹ̀ tí ẹ ò tíì rí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gba ẹ̀dà ti òní

Kí ẹ tó wo ẹ̀yìn, ẹ tọ́jú ohun tó wà níwájú yín, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọ̀la ni wọn yóò tún fọwọ́ kàn án.

Ẹ ṣí ojú-ewé náà nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ tí ẹ ò wọlé sí àkáǹtì kankan. Ẹ yí èdè rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà. Meta fúnra wọn ti sọ ọ́ pé ẹ̀dà yẹn ló máa ń bá ìgbà mu jù, òun sì ni kí èèyàn gbára lé. Ẹ̀dà èdè yòókù lè má tíì bá a. Ẹ tẹ gbogbo àmì tó ń ṣí apá tí wọ́n ká mọ́lẹ̀ títí ojú-ewé yóò fi ṣí tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ti Wayback Machine ní web.archive.org/save, ti PDF, àti ti ọ̀rọ̀ lásán tí ẹ ṣe àdàkọ rẹ̀ sínú fáìlì. Orúkọ fáìlì kí ó ní ọdún, oṣù àti ọjọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, bíi 2025-01-09-meta-ikorira, kí wọ́n lè máa to ara wọn fúnra wọn nínú fódà.

Ohun méjì ló ń dà á rú níbí. Àkọ́kọ́ ni Chrome tó ń túmọ̀ ojú-ewé láìbéèrè: ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ ni ẹ tọ́jú, ti ẹ̀rọ ìtúmọ̀ Google sì ni. Ẹ pa á. Èkejì ni apá tí ẹ ò ṣí. PDF kì í tẹ ohun tí kò hàn, ibẹ̀ sì ni àpẹẹrẹ àti àyàfi òfin sábà máa ń sápamọ́ sí.

Àyẹ̀wò: Ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn, bíi fóònù ẹnìkejì yín, ṣí líǹkì Wayback tí ẹ gbà. Ẹ wá gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú òfin náà. Bí ojú-ewé bá funfun báláú tàbí gbólóhùn náà kò sí, Wayback kò rí i gbà dáadáa. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì di PDF yín mú ṣinṣin.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá ọjọ́ tí ó yí

Bí ìkànnì náà bá ní àkọsílẹ̀ àyípadà tirẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lójú-ewé òfin Meta, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Change log" sí. Ọjọ́ ni wọ́n tò síbẹ̀, tí ẹ bá tẹ ọ̀kan, òfin bó ṣe rí lọ́jọ́ náà yóò jáde. Iṣẹ́ ńlá ni ìyẹn ń gbà lọ́wọ́ yín. Síbẹ̀, iléeṣẹ́ ló kọ ọ́ nípa ara rẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà láti ibòmíràn gbè é lẹ́sẹ̀.

Níbi tí kò bá sí irú rẹ̀, Wayback Machine ló kù. Kàlẹ́ńdà yóò jáde pẹ̀lú àmì róbótó lórí ọjọ́. Búlúù túmọ̀ sí pé wọ́n gba ojú-ewé náà. Àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé àdírẹ́sì náà darí wọn lọ sí ibòmíràn, ẹ sì tẹ̀lé e kí ẹ wo ibi tó lọ. Ọsàn àti pupa, àṣìṣe ni.

Ẹ má ka ẹ̀dà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká ní gbólóhùn kan wà nínú ẹ̀dà oṣù Kìíní, kò sì sí nínú ti oṣù Kejìlá. Ẹ fò sí oṣù Kẹfà. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ lọ sí oṣù Kẹsàn-án. Bí kò bá sí, ẹ padà sí oṣù Kẹta. Ẹ máa dá a sí méjì bẹ́ẹ̀ títí tí ẹ ó fi di ẹ̀dà méjì tí kò sí òmíràn láàárín wọn mú: ọ̀kan ní in, ìkejì kò ní in. Bí ẹ̀dà bá tó ọgọ́rùn-ún, ìṣí bíi méje ti tó. Àmọ́ ọgbọ́n yìí gbà pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni gbólóhùn náà yí. Wọ́n lè yọ ọ́, kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n tún yọ ọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí ibi tó ti yí, ẹ ṣí ẹ̀dà díẹ̀ sí i ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ ó kọ sílẹ̀ wà nínú àdírẹ́sì ẹ̀dà fúnra rẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rìnlá. 20230407233000 túmọ̀ sí ọdún 2023, oṣù Kẹrin, ọjọ́ 7, aago 23:30. Aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni wọ́n ń lò, wákàtí kan ló sì wà láàárín rẹ̀ àti aago Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹ̀dà yìí ti wọ ọjọ́ 8 ní Èkó àti Ìbàdàn. Ẹ kọ UTC síwájú ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá yín jà lórí ọjọ́ kan.

Twitter ọdún 2023 ni kí ẹ fi dánra wò. Láti ọdún 2018 ni gbólóhùn kan ti wà nínú òfin ìwà ìkórìíra wọn tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kí èèyàn máa mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ àtijọ́, tàbí akọ tàbí abo tí wọn kò pe ara wọn, pe àwọn trans, ìyẹn àwọn tí akọ tàbí abo tí wọ́n pe ara wọn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ fún wọn nígbà ìbí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, gbólóhùn náà pòórá láìsí ìkéde kankan. GLAAD, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, ló pariwo rẹ̀, ẹ̀dà inú ilé ìpamọ́ sì ni ẹ̀rí. Ẹ ju àdírẹ́sì help.twitter.com/en/rules-and-policies/hateful-conduct-policy sínú Wayback Machine, kí ẹ fúnra yín wá ẹ̀dà méjì tó bò ó láàárín.

Àyẹ̀wò: Líǹkì méjì wà nínú tábìlì yín. Ẹ tẹ Ctrl+F nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta láti inú gbólóhùn náà wá a. Ọ̀kan yóò rí i, ọ̀kan kò ní í rí i. Bí méjèèjì kò bá rí i, ó ṣeé ṣe kí apá náà wà ní kíká mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi ẹ̀dà méjì wéra, ẹ má fojú wò ó

Ojú èèyàn kò dára fún iṣẹ́ yìí. "May" lè di "will", kí "or" di "and", kí ojú sì fò ó. Wayback Machine ní bọ́tìnnì "Changes" tó ń fi ẹ̀dà méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn tó sì ń kun ìyàtọ̀. Google Docs ní "Compare documents" lábẹ́ Tools. Diffchecker náà ń ṣe é. Kí ẹ tó lò wọ́n, ẹ yọ orúkọ bọ́tìnnì, líǹkì ìsàlẹ̀ àti gbogbo pàǹtírí bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọ̀ yóò bo ojú-ewé débi pé ẹ ò ní mọ ohun tó ṣe pàtàkì.

Bí ẹ bá rí ìyàtọ̀, ẹ sọ irú èyí tó jẹ́. Wọ́n fi kún un? Wọ́n yọ ọ́? Wọ́n yí ọ̀rọ̀ rẹ̀? Àbí ṣe ni wọ́n gbé e lọ sí ojú-ewé mìíràn? Irú ìkẹyìn yìí ló ń dójú ti àwọn tó yára. Gbólóhùn Twitter tí mo sọ lókè, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 nǹkan tó fara jọ ọ́ tún yọjú: ojú-ewé òfin ìfìtínà ni wọ́n fi sí, kì í ṣe ti ìwà ìkórìíra, ìyà tó so mọ́ ọn kò le tó ti tẹ́lẹ̀, nígbà tó yá wọ́n sì tún fi kún un pé níbi tí òfin ìlú bá ti pọn ọ́n dandan ni. Ẹni tó ń ṣọ́ ojú-ewé kan péré yóò sọ pé kò padà mọ́ láéláé; ẹni tó ń ṣọ́ ìkejì nìkan yóò sọ pé òfin tuntun dé. Kí ẹ tó kọ "wọ́n yọ ọ́", ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta láti inú gbólóhùn náà wá inú gbogbo ojú-ewé òfin ìkànnì náà.

Irú "fi kún un" náà ní tirẹ̀. Nínú àyípadà Meta ti ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2025, orúkọ tuntun ni ọ̀pọ̀ ìròyìn kọ́kọ́ gbé. Ohun tó wúwo wà nísàlẹ̀: gbólóhùn tuntun kan tó fàyè gba kí a máa pe èèyàn ní alárùn ọpọlọ nítorí akọ tàbí abo tó pe ara rẹ̀ tàbí irú ẹni tó ń fẹ́, wọ́n ní nítorí àríyànjiyàn òṣèlú àti ti ẹ̀sìn lórí ọ̀rọ̀ náà. Àyàfi ni wọ́n fi kún òfin. Òfin lè gùn sí i kó sì tún dẹ̀ sí i, ẹ má fi gígùn rẹ̀ díwọ̀n líle rẹ̀.

Ẹ ya ohun tí ẹ rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí iléeṣẹ́ sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ọ̀rọ̀ "gender identity" kúrò nínú àwọn ẹ̀ka tí YouTube kọ sójú-ewé òfin ọ̀rọ̀ ìkórìíra wọn. Nígbà tí akọ̀ròyìn bi wọ́n, wọ́n ní títún ọ̀rọ̀ kọ lásán ni, òfin kò yí. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú tábìlì yín, ọ̀rọ̀ náà kúrò, ìyẹn lọ sí òpó gbólóhùn. "Òfin kò yí" lọ sí òpó ohun tí iléeṣẹ́ sọ. Ẹ má jẹ́ kí ìkejì pa ìkíní rẹ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ kọ ọjọ́ mẹ́ta

Ọjọ́ ìkéde, ọjọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjọ́ tí a fojú rí i. TikTok kéde ìlànà àwùjọ tuntun ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 2023. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n yọ fídíò rẹ̀ láàárín oṣù kan yẹn, òfin àtijọ́ ló dé bá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tuntun ti wà lójú gbogbo èèyàn.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Òfin irọ́ lórí àrùn COVID-19 tí Twitter ní, wọn kò fi ipá mú un mọ́ láti ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ṣe ni wọ́n kọ ìlà kan sí orí ojú-ewé náà. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ kí ìròyìn tó gbé e. Ìsàlẹ̀ ojú-ewé ṣì ń ka òfin náà bí ẹni pé ó wà láàyè. Ẹ̀rọ tó ń wá "gbólóhùn tí wọ́n yọ" kò ní í rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìkéde kì í sábà wà lójú-ewé òfin. Meta ń kéde ní Newsroom wọn, TikTok náà ní Newsroom tirẹ̀, YouTube ní blog. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2023, blog YouTube ni a ti kà á pé wọn kò ní máa yọ fídíò tó ń sọ pé wọ́n jí ìbò Amẹ́ríkà ọdún 2020 mọ́.

Àyẹ̀wò: Kò sí òpó ọjọ́ tó ṣófo. Níbi tí ìkéde kò bá sí, ẹ kọ "kò sí ìkéde tí a rí" síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń mú òfin náà lò

Ọ̀rọ̀ òfin lè dúró gbọin kí ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú un yí. Ẹ̀rí ìyẹn tó sún mọ́ ilé jù ni ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n sì pa ó kéré tán ogójì èèyàn. Ẹnìkan gbé fídíò bí inú ṣọ́ọ̀ṣì ṣe rí lẹ́yìn ìkọlù náà sórí Instagram. Meta ti kó ẹ̀dà fídíò kan náà sínú àkójọ tí ẹ̀rọ wọn fi ń dá fídíò mọ̀, tó sì ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Oníǹkan tún kọ hashtag tó jẹ mọ́ eré ìbọn sí abẹ́ ti rẹ̀, Meta sì ní ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ìyà. Ẹjọ́ dé iwájú Oversight Board, ìgbìmọ̀ tó ń tún ìdájọ́ Meta yẹ̀ wò. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ní kí Meta dá fídíò náà padà pẹ̀lú ìkìlọ̀ lójú rẹ̀, pé ẹni náà ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún aráyé ni. Ẹ lè fi gbogbo ẹ̀dà ojú-ewé òfin ìwà ipá oṣù náà wéra, ẹ ò ní í rí àkójọ yẹn níbẹ̀. Inú ìwé ìdájọ́ ni ó ti hàn.

Nítorí náà, ẹ máa ka ìdájọ́ Oversight Board tó bá kan òfin tí ẹ ń ṣọ́. Meta gbà láti fèsì sí àbá wọn láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Ọjọ́ tí ìdájọ́ bá jáde, ẹ ka ọgọ́ta ọjọ́ síwájú nínú kàlẹ́ńdà yín, kí ẹ sì máa ṣí ojú-ewé òfin náà láti ìgbà yẹn. Àyípadà sábà máa ń tẹ̀ lé ìfèsì bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ má sì da òfin ìjọba pọ̀ mọ́ ti ìkànnì. Nígbà tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ Ààrẹ Buhari ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2021, òfin Twitter ni wọ́n lò. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé Twitter lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tí kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022, àṣẹ ìjọba nìyẹn. Ìlànà tí NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ ayélujára, gbé jáde fún àwọn ìkànnì ní ọdún 2022 náà, ti ìjọba ni. Ẹ fún wọn ní tábìlì tiwọn.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ gbé olùṣọ́ kalẹ̀

Visualping, Distill àti changedetection.io lè máa ṣí ojú-ewé kan fún yín lóòrèkóòrè, kí wọ́n sì fi ímeèlì ránṣẹ́ bí ohunkóhun bá yí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣọ́ apá tí ọ̀rọ̀ òfin wà nìkan. Bí ẹ bá ní kí wọ́n ṣọ́ gbogbo ojú-ewé, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ bọ́tìnnì kan ni ímeèlì yóò máa wọlé, láìpẹ́ ẹ ò ní í ṣí i mọ́.

Àwọn kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Open Terms Archive, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2020, ń tọ́jú ẹ̀dà àdéhùn àti òfin àwọn ìkànnì pẹ̀lú ìyàtọ̀ láàárín wọn. Platform Governance Archive ní Yunifásítì Bremen, nílẹ̀ Jámánì, ń ṣe ti ìlànà àwùjọ. Ẹ wò wọ́n kí ẹ tó fi ọ̀sẹ̀ kan wá ohun tí ẹlòmíràn ti wá tán.

Àyẹ̀wò: Ẹ ṣí Google Docs kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo èèyàn, kí ẹ fi olùṣọ́ yín sí i. Ẹ yí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Bí ímeèlì kò bá dé, olùṣọ́ yín ń sùn. Bó bá dé, ẹ ṣì máa fi ọwọ́ ara yín ṣí ojú-ewé òfin náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nítorí ìkànnì lè dí ẹ̀rọ náà lọ́nà láìsọ fún un, olùṣọ́ tí wọ́n dí lọ́nà kì í sì í pariwo.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ lo ohun tí ẹ kó jọ

Nínú ìròyìn tàbí iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ má kọ "X yọ gbólóhùn náà ní ọjọ́ báyìí" àyàfi tí iléeṣẹ́ bá sọ ọjọ́ náà. Ohun tí ẹ mọ̀ ni pé ó wà nínú ẹ̀dà ọjọ́ kan, kò sí nínú ẹ̀dà ọjọ́ kejì. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi líǹkì méjèèjì tì í.

Nínú ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹ fa ọ̀rọ̀ òfin yọ bó ṣe wà ní ọjọ́ tí ẹ gbé iṣẹ́ náà síta àti bó ṣe wà ní ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́, kí ẹ fi líǹkì sí i. Bí ìdájọ́ ìkẹyìn Meta bá ti jáde, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ẹ ní láti gbé e lọ sí Oversight Board. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá àdírẹ́sì àtijọ́ nígbà yẹn ti pẹ́.

Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn: Ẹ fi fódà àti tábìlì náà ránṣẹ́ sí ẹnìkan tí kò bá yín ṣe é. Ẹ tọ́ka sí ìlà kan, kí ẹ ní kó fi líǹkì inú rẹ̀ nìkan sọ ohun tó yí àti ìgbà tó yí. Bó bá ní láti pè yín kó tó lè dáhùn, ohun kan ṣófo nínú ìlà náà. Ẹ padà lọ kún un.